Kí ẹ tó so SSD méjì pọ̀, ẹ dáhùn ìbéèrè kan

Nínú gbogbo ìbéèrè nípa kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí láti Ṣakí dé Ìṣẹ́yìn, èyí tó ń pọ̀ sí i báyìí ni ti RAID. Ẹnì kan á wo fídíò lórí YouTube, á rí ibi tí wọ́n ti so SSD méjì pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan, tí eré kọ̀ǹpútà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Òun náà á wá ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ra ìkejì, kí n fi ṣe RAID 0?"

Ìdáhùn mi kì í gùn: rárá o. Àmọ́ "rárá" lásán kì í kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n, ìdí rẹ̀ ló yẹ kéèyàn mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín lónìí nìyí: níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí ooru ti ń mú, tí ẹni tó lè gba fáìlì padà lára SSD tó kú sì jìnnà, kì í ṣe "báwo ló ṣe máa yá tó?" ló yẹ kó jẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: "Bí èyí bá sọnù lónìí, níbo ni mo ti máa rí òmíràn?" Ẹni tó bá ti dáhùn ìyẹn dáadáa á mọ̀ fúnra rẹ̀ bóyá RAID lòun nílò, àti irú èyí tó yẹ òun.

Ibi tí RAID ti wá

Ní 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley gbé ìwé kan jáde nípa díìsìkì kọ̀ǹpútà. Nígbà náà, díìsìkì ràgàjì tó wọ́n bí ojú ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò. Àwọn mẹ́ta yìí ní: dípò ọ̀kan tó tóbi tó sì wọ́n, ṣé a ò lè kó ọ̀pọ̀ kéékèèké tí owó wọn ò pọ̀ jọ, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan? Èrò tó dáa ni, àmọ́ àwọn fúnra wọn rí ìṣòro tó wà nínú rẹ̀. Bí díìsìkì bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn máa kú ń sún mọ́ tòsí. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà R inú orúkọ náà fi dúró fún àfikún, ìyẹn nǹkan tó wà nílẹ̀ de ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú.

Nínú ìwé yẹn, ìpele 1 dé ìpele 5 ni wọ́n tò sílẹ̀. RAID 0 kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni orúkọ yẹn wá, òdo náà sì bá a mu, torí òdo ni ààbò tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Gbogbo wa la mọ Ìṣẹ́yìn mọ aṣọ òfì. Aṣọ òfì kì í jáde lórí òfì ní fífẹ̀; tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, kí wọ́n tó rán an pọ̀ di agbádá. Ká ní wọ́n pín aṣọ agbádá kan fún ahunṣọ méjì. Ẹni àkọ́kọ́ hun tẹ́ẹ́rẹ́ kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún. Ẹnì kejì hun ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Iṣẹ́ á yá dáadáa. Àmọ́ bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé tirẹ̀ sá lọ ńkọ́? Kì í ṣe ìdajì agbádá ló kù lọ́wọ́ yín o. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìkejì wọn ò sí ni, ẹnikẹ́ni ò sì lè wọ̀ ọ́. RAID 0 nìyẹn. Kọ̀ǹpútà á gé fáìlì kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, á pín in sórí SSD méjèèjì. Bí ọ̀kan bá kú, èyí tó wà láàyè ò wúlò mọ́.

RAID 1 yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ ronú nípa ìpàdé ọmọ ìlú tó ní akọ̀wé méjì, tí àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn, tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìwé ọ̀kan bá ya, ti èkejì wà. Owó rẹ̀ ni pé ẹ ra 1 TB méjì, 1 TB péré lẹ máa rí lò. Ẹ fi àkàwé akọ̀wé yìí sọ́kàn o, a ṣì máa padà sí i.

RAID 5 ń fẹ́ díìsìkì mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹ kọ 7 sórí ọ̀kan, ẹ kọ 5 sórí èkejì, ẹ wá kọ àròpọ̀ wọn, 12, sórí ẹ̀kẹta. Bí 5 bá sọnù, ẹ yọ 7 kúrò nínú 12, 5 á tún jáde. Ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń lò yàtọ̀ díẹ̀, XOR ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Eré ni wọ́n fi ń polówó RAID 0, torí náà ẹ jẹ́ ká ṣírò eré náà. Hard disk àtijọ́ tó ń yí máa ń ka nǹkan bíi 150 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD oní-SATA ń ka nǹkan bíi 550 MB, kò sì lè kọjá ibẹ̀ púpọ̀ torí okùn SATA fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ẹ so méjì pọ̀ ní RAID 0, ẹ rí nǹkan bíi 1,100 MB. Ó dáa. Àmọ́ ẹyọ NVMe kan ṣoṣo, irú èyí tó ń lo PCIe 3.0, lè ka tó 3,500 MB. Èyí tó ń lo PCIe 4.0 lè tó 7,000 MB. Ẹyọ kan o! Bí eré lẹ bá ń wá, tí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà yín sì ní ojú NVMe, ẹ ra ẹyọ kan tó dáa, ẹ fi wàhálà ìsopọ̀ sílẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí à ń ṣe lójoojúmọ́ jẹ́ kíka fáìlì kéékèèké, RAID 0 kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Word ò ní ṣí kíákíá jù bó ṣe ń ṣí tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó kan ewu. Ẹ jẹ́ ká kàn fi nọ́ńbà kan ṣe àpẹẹrẹ: ká ní nínú 100 SSD, méjì ló máa ń kú láàárín ọdún kan. Ẹni tó ní ẹyọ kan ní ewu 2 nínú 100. Ẹni tó so méjì pọ̀ ní RAID 0 ní láti rí i pé àwọn méjèèjì yè: 98 nínú 100, lọ́nà 98 nínú 100, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 96 nínú 100. Ewu rẹ̀ ti di 4 nínú 100. Ẹni tó ṣe RAID 1 ò ní pàdánù nǹkan kan àyàfi tí méjèèjì bá kú: 2 nínú 100 lọ́nà 2 nínú 100, ìyẹn 4 nínú 10,000. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ ṣe pọ̀ tó!

Àmọ́ ohun kan fara pamọ́ sínú ìṣirò yẹn. Ó gbà pé ikú SSD kan ò kan èkejì. Nínú kọ̀ǹpútà tó wà ní Òkè-Ògùn, ṣé òótọ́ ni? Iná kan náà ló ń wọ inú wọn. Ooru kan náà ló ń bá wọn. Inú àpótí kan náà ni wọ́n wà, ọjọ́ kan náà lẹ sì rà wọ́n lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí SSD jẹ́ gan-an.

Ohun tó wà nínú SSD

SSD ò ní ohun kankan tó ń yí nínú. Oríṣi ìrántí kan tí wọ́n ń pè ní NAND flash ló wà níbẹ̀. Fujio Masuoka àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ní Japan, ló fi NAND han ayé ní 1987. Inú rẹ̀ kún fún sẹ́ẹ̀lì tíntìntín, kálukú sì jẹ́ ibi tí wọ́n há electron mọ́. Iye electron tó wà níbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kà bí ọ̀rọ̀.

Ẹ fojú inú wo kèrègbè omi tí wọ́n fa ìlà sí lára. Nínú SSD oní-TLC, sẹ́ẹ̀lì kan ń gbé bit mẹ́ta, ìyẹn ni pé ìwọ̀n mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ní láti mọ̀ yàtọ̀ síra. Oní-QLC ń gbé bit mẹ́rin, ìwọ̀n mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Bí ìlà bá ṣe ń sún mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni omi díẹ̀ tó bá jò ṣe lè ba ìwọ̀n jẹ́. Ìdí kan nìyẹn tí oní-QLC fi máa ń rọjú ju oní-TLC lọ, tí kì í sì í fara da kíkọ àti píparẹ́ tó o.

Ṣé kí ẹ wá máa bẹ̀rù pé SSD máa gbó? Kì í ṣe ìyẹn ló yẹ kó kó yín láyà sókè. Samsung 870 EVO oní-500 GB ní ẹ̀rí 300 TB ìkọ̀wé láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Bí ẹ bá ń kọ 50 GB sórí rẹ̀ lójoojúmọ́, tí ẹ ò sinmi, yóò gbà tó 6,000 ọjọ́, ìyẹn ó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀yin mélòó lẹ ń kọ 50 GB lójúmọ́?

Ohun tó yẹ kó kó yín láyà sókè ni ikú òjijì. Hard disk àtijọ́ máa ń kérora kó tó kú, á máa dún kàṣà-kàṣà, á máa falẹ̀, ẹ ó sì ráyè kó ẹrù yín. SSD lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa ní àárọ̀, kó dákẹ́ ní ọ̀sán, kí kọ̀ǹpútà má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀rù kejì ni ooru. Ìlànà JEDEC, ẹgbẹ́ tó ń ṣe òfin fún irú ẹ̀rọ báyìí, béèrè pé SSD tí àwọn èèyàn ń lò nílé, kódà lẹ́yìn tó bá ti lo gbogbo ìkọ̀wé tí wọ́n ṣèlérí fún un, gbọ́dọ̀ lè pa fáìlì mọ́ fún ọdún kan láìsí iná, bí ooru ibi tó wà bá jẹ́ 30°C. Ooru tó bá ju ìyẹn lọ ń dín ọjọ́ yẹn kù, torí electron máa ń jò yára nínú ooru. Ẹ̀yin ẹ wo yàrá wa ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ bẹ̀rù SSD tuntun tí ẹ ń lò lójoojúmọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé SSD àlòkù tó ti gbó, tí ẹ wá jù sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún méjì, kì í ṣe àpótí ìṣúra.

Iná ni olórí ọ̀rọ̀

Ní oṣù Kẹwàá 2024, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni gíríìdì iná Nàìjíríà dà wó. Ìyẹn ni èyí tó wọ ìwé ìròyìn. Iná tó kàn ń lọ ní àdúgbò tiwa, tó ń padà wá pẹ̀lú agbára tó ju agbára lọ, kì í wọ ìwé ìròyìn rárá.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí SSD bí iná bá já lójijì? SSD ní ìwé atọ́nà kan nínú, tó fi ń mọ ibi tí wẹ́wẹ́ fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Ó ń yí ìwé yìí padà nígbà gbogbo. Bí iná bá lọ nígbà tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ìwé náà lè dàrú. Àwọn SSD olówó gọbọi tí wọ́n ń lò nínú sáfà ní kapásítọ̀ kéékèèké tó ń fún wọn ní iná díẹ̀ láti parí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wọn. Púpọ̀ nínú èyí tí à ń rà sílé ò ní in.

Ní báyìí, ẹ so méjì pọ̀ ní RAID. Iná lọ. Àwọn méjèèjì ló ń kọ̀wé lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ni iná já mọ́ lẹ́nu. Nínú RAID 1, ó lè ṣẹlẹ̀ pé akọ̀wé kan ti kọ gbólóhùn náà tán, èkejì ò tíì kọ ọ́. Nínú RAID 5, 7 lè ti di 8 kí 12 tó di 13, ìṣirò náà á sì purọ́ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Torí náà èrò mi rèé, mi ò sì ní yí i padà: ní Òkè-Ògùn, ẹni tó ní owó SSD kejì lọ́wọ́, tí kò sì ní UPS tàbí inverter, UPS ni kó kọ́kọ́ rà. Kì í ṣe pé kó máa fi ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ti tó kéèyàn fi fáìlì pamọ́, kó sì pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ti wà lórí sólà àti bátìrì, tó sì ń bọ́ síbẹ̀ láìjá, ẹ ti borí ìdajì ogun.

Akọ̀wé méjì, àṣìṣe kan

Ó ku àwọn tó ń sọ pé: "Èmi ò ṣe RAID 0 o, RAID 1 ni mo ṣe, ọkàn mi balẹ̀." Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ya fọ́tò ìnáwó ní Ìṣẹ́yìn sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Mo ní: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà yìí lóru òní, ibo ni fọ́tò ìyàwó ọjọ́ Sátidé wà?"

Ó wo àpótí kọ̀ǹpútà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Àbúrò, ibí yìí náà ni o."

Ẹ rí i báyìí? SSD méjì ló ní, àmọ́ ibì kan ṣoṣo ni fáìlì rẹ̀ wà. RAID 1 ń gbà yín lọ́wọ́ ikú SSD kan, ìyẹn nìkan. Kì í gbà yín lọ́wọ́ olè, iná, omi tó jò láti òrùlé, fáírọ́ọ̀sì, tàbí ọwọ́ ara yín. Ẹ rántí akọ̀wé méjì yẹn. Bí alága bá ní "ẹ pa gbólóhùn yẹn rẹ́," àwọn méjèèjì ló máa pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ṣèèṣì pa fódà kan rẹ́, RAID 1 á bá yín pa á rẹ́ lójú méjèèjì, kíákíá, láìjanpata.

Kì í ṣe wa nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń bá o. Ní oṣù Kejìlá 2021, ní Yunifásítì Kyoto ní Japan, nǹkan bíi 77 TB iṣẹ́ ìwádìí pa rẹ́ lára ibi ìpamọ́ kọ̀ǹpútà ńlá wọn, tó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n fáìlì. Kò sí díìsìkì tó kú níbẹ̀. Ètò tó yẹ kó máa ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ gan-an ni àṣìṣe wọ̀, òun ló pa wọ́n rẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ní Daejeon ní South Korea, iná sọ láti ara bátìrì lithium ní ilé tí ìjọba ń kó kọ̀ǹpútà sí. G-Drive, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó fáìlì iṣẹ́ wọn sí, jóná pẹ̀lú 858 TB, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Orílẹ̀-èdè tó ń ṣe SSD fún gbogbo ayé nìyẹn o.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó kan àwọn tó ń ra SSD ìbejì. Ní oṣù Kọkànlá 2019, Hewlett Packard Enterprise kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé àwọn SSD sáfà kan ní àṣìṣe nínú sọ́fítíwíà inú wọn: bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 32,768, ìyẹn ọdún 3, ọjọ́ 270 àti wákàtí 8, wọ́n máa kú, fáìlì inú wọn ò sì ní ṣeé gbà padà. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àgbékalẹ̀ lásán. 32,767 ni nọ́ńbà tó tóbi jù tí oríṣi òǹkà kan nínú kọ̀ǹpútà lè gbà; ẹ fi 1 kún un, ó dàrú. Ẹ wá ronú nípa ẹni tó ra méjì lọ́jọ́ kan náà, tó tàn wọ́n lọ́jọ́ kan náà, tó sì fi ṣe RAID 1. Wákàtí kan náà ni wọ́n jọ máa kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé bí ẹ bá fẹ́ ṣe RAID 1, ẹ ra SSD láti ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Iṣu jíjẹ àti èbù

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí másítà mi dá lórí bí igbó ọ̀dàn wa ṣe ń yí padà. Orí kọ̀ǹpútà mi kún fún àwòrán láti ojú òfurufú. Landsat ti ń ya ilẹ̀ ayé láti 1972, láti 2008 sì ni wọ́n ti ń fún gbogbo èèyàn ní àwòrán rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí gbogbo wọn bá sọnù lónìí, owó dátà àti sùúrù ló máa ná mi. Màá tún wà wọ́n sílẹ̀.

Àmọ́ mo tún ní ohùn àwọn àgbà àgbẹ̀ tí mo gbà sílẹ̀ ní àwọn abúlé tó wà láàárín Ṣakí àti Ìgbòho. Wọ́n ń sọ ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ máa ń rọ̀ nígbà èwe wọn, igi tó ti kúrò nínú oko, odò tó máa ń dúró dé ẹ̀ẹ̀rùn. Méjì nínú wọn ti di olóògbé. Gbogbo ohùn wọn kò tó 4 GB, ó kéré sí fíìmù kan tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Kò sí sátẹ́láìtì tó lè tún un gbà fún mi.

Àwọn bàbá wa mọ ọ̀rọ̀ yìí kó tó di pé kọ̀ǹpútà dé. Bí iṣu bá ti jáde, wọn kì í kó gbogbo rẹ̀ fún jíjẹ. Wọ́n á yọ èbù sọ́tọ̀, torí èbù ni oko ọdún tó ń bọ̀. Fíìmù, géèmù, sọ́fítíwíà àti àwòrán Landsat, iṣu jíjẹ ni gbogbo wọn. Fọ́tò ìyàwó oníbàárà, iṣẹ́ àṣekágbá yín, ìwé owó ṣọ́ọ̀bù, ohùn bàbá àgbà, èbù nìyẹn. Ẹni tó bá fi èbù sínú RAID 0 torí eré ti dáná sun oko rẹ̀ kó lè tètè débẹ̀.

Fún èbù, òfin kan wà tí Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, sọ di mímọ̀: 3-2-1. Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn wà níbòmíràn. Ẹ̀dà kan lórí SSD kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí hard disk tí ẹ máa ń yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà bí ẹ bá ti ṣe tán, ìkẹta ní ìlú mìíràn tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Dátà ti wọ́n." Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. 500 GB lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé 10 megabit sókè ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa gba nǹkan bíi wákàtí 111, ó lé ní ọjọ́ mẹ́rin àbọ̀, bí kò bá já rárá. Ó sì ń já. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ báńkì àti ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà sì dákẹ́. Torí náà, ẹ fi èbù kéékèèké sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá tóbi, ẹ fi hard disk rán ẹ̀gbọ́n yín tó ń lọ sí Ìbàdàn. Mọ́tò tó kúrò ní gáréèjì Ṣakí ní àárọ̀ á dé kí 500 GB yẹn tó gòkè tán. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ta wá ni RAID yẹ?

Mi ò sọ pé RAID ò dára. Ohun tí RAID 1 ń ṣe dáadáa ni kí iṣẹ́ má dúró. Ẹni tó ní ibùdó ìdánwò CBT, tí àwọn ọmọ ti jókòó, kò lè ní kí wọ́n dúró kí òun lọ ra SSD ní Ìbàdàn. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù títẹ̀wé tí ìsìnkú ti ku ọ̀la ò lè dúró. Bí SSD kan bá kú lọ́dọ̀ wọn, èkejì á máa bá iṣẹ́ lọ. RAID 1 yẹ wọ́n, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ní UPS àti ẹ̀dà tó wà níta.

Bí ẹ bá wà lára wọn, ẹ ṣe é báyìí. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo fáìlì yín síta, torí bí ẹ bá ṣe ń dá RAID sílẹ̀ ni ohun tó wà lórí SSD ń pa rẹ́. Bí SSD náà bá jẹ́ tuntun láti ọjà, ẹ fi H2testw tàbí F3 dán an wò bóyá ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára jẹ́ òótọ́. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ fi CrystalDiskInfo wo wákàtí tó ti lò. Ẹ jẹ́ kí sọ́fítíwíà ṣe RAID náà: mdadm lórí Linux, tàbí Storage Spaces lórí Windows. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju RAID tó wà nínú BIOS bọ́ọ̀dù lọ, torí bí bọ́ọ̀dù bá jó, ó lè di pé kí ẹ máa wá irú rẹ̀ kiri kí ẹ tó rí fáìlì yín. RAID mdadm, ẹ lè gbé e lọ sínú kọ̀ǹpútà Linux mìíràn, á sì ṣí.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe: ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ SSD kan, ẹ tún un tàn, ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ dá a padà, ẹ wo bó ṣe ń tún ara rẹ̀ kọ. Ààbò tí ẹ ò dán wò rí, ìrètí lásán ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gé fídíò, RAID 0 lè wúlò fún yín níbì kan: fún fáìlì ìgbà díẹ̀ tí ẹ lè tún ṣe, tí èyí tó jáde látinú kámẹ́rà sì wà níbòmíràn. Iṣu jíjẹ nìyẹn. Ẹ jẹ ẹ́ bó ṣe wù yín.

Ní ti àwa yòókù, ẹ̀yin tí ẹ wà ní políì ní Ṣakí, ẹ̀yin LAUTECH ní Ìṣẹ́yìn, ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Òkèhò àti Kìṣí, kí ẹ tó na owó kankan, ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ kọ fáìlì márùn-ún tí ẹ ò lè rí òmíràn bí wọ́n bá sọnù. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ibi tí ó wà. Ẹ má ka SSD méjì inú àpótí kan sí ibi méjì o. Èyí tí ẹ bá kọ "1" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lónìí, kí wọ́n tó mú iná lọ.